Etí Kì í Ṣe Òpè

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ilé ìjọsìn kan ní Bódìjà tí n kò ní dárúkọ, màmá àgbà kan jáde láti dúpẹ́ fún ọdún tí Ọlọ́run tún fi kún ọjọ́ orí rẹ̀. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó gbé orin. Kò wo ojú atẹdùrù, kò sì béèrè ibi tí dò wà. Ó kàn la ẹnu ni, orin sì jáde láti ibi tí ọ̀fun rẹ̀ bá a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí kíbọ́ọ̀dù tẹ orí ba. Ó fi ìka kan tọ́ eyín dùrù mẹ́ta wò, ní ohùn tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwa tí a jókòó nítòsí nìkan ni a gbọ́ ọ. Kí ìjọ tó gbe ègbè lẹ́ẹ̀kejì, ó ti bá màmá. Ìlù wọlé, àwo wọlé, gbogbo ilé sì dìde sí ijó.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ bí olórí àwọn akọrin, ọkùnrin tí ó kàwé orin, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́, ṣe ń bá ọmọ náà wí. Ó ní, ‘Etí lásán ni o fi ń ṣe é. Ẹni tí kò lè ka ìwé orin, òpè ni nínú orin.’ Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà.’ Èmi ni inú bí. Mo mọ ọmọ náà: akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ní yunifásítì, Yorùbá ni ó ń kọ́. N kò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí a kì í bá àgbà jiyàn níwájú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi. Òun ni mo fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí, nítorí pé ó ju ọ̀rọ̀ ìjọ kan lọ. Ìwà wa sí ìmọ̀ ni mo rí nínú rẹ̀: ohun tí ó bá wà lórí ìwé ni a kà sí ìmọ̀, ohun tí ó bá gba etí wọlé ni a ń pè ní òpè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an. Orin kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó fi ṣe ilé. Ó lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan wà tí ó jẹ́ pé bí orin bá dé ibẹ̀, ọkàn olùgbọ́ á balẹ̀; bí orin bá dúró sí ibòmíràn, olùgbọ́ á máa retí. Ohùn yìí àti àwọn ohùn tí wọ́n yí i ká ni àwọn olórin wa ń pè ní kíì. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá a láìsí ìwé yóò kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́. Yóò jẹ́ kí orin náà yípo lẹ́ẹ̀kan. Yóò kùn ún sínú ara rẹ̀, yóò sì di ibi tí orin sinmi mú, bí ẹni di ẹyẹ mú, títí ìka rẹ̀ yóò fi rí eyín dùrù tí ó bá a mu. Lẹ́yìn náà ni yóò dán ohùn mìíràn wò láti mọ̀ bóyá ilé náà ni ó rí tàbí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èyí ni ọmọ náà ṣe láàárín ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi sín lẹ́ẹ̀mejì. Bí èyí bá jẹ́ àìmọ̀kan, kí ni a óò pe ìmọ̀?

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá, pàápàá nínú orin tiwa. Ọ̀pọ̀ orin Yorùbá ni kò ju ohùn márùn-ún lọ: dò, re, mí, sò àti là. Kò sí fà nínú wọn, kò sì sí tì. Bẹ́ẹ̀, fà àti tì yìí gan-an ni wọ́n máa ń tú àṣírí kíì fún atẹdùrù. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: bí ohùn márùn-ún inú orin kan bá jẹ́ C, D, E, G àti A, gbogbo wọn wà nínú kíì C, gbogbo wọn tún wà nínú kíì F, gbogbo wọn sì wà nínú kíì G. Ilé mẹ́ta ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún orin kan ṣoṣo. Kò sí ìwé tí yóò sọ fún atẹdùrù èwo ni ti màmá, nítorí màmá kò kọ orin rẹ̀ sínú ìwé. Kíka iye ohùn kò tó. Àfi kí ènìyàn mọ èyí tí orin náà ń padà sí.

Ìṣòro kejì ni pé orin wa ní lílé, ó sì ní ègbè. Ẹni tí ń lé orin lè parí gbólóhùn rẹ̀ sí ohùn tí kì í ṣe ilé, nítorí pé ó mọ̀ pé àwọn elégbè ni yóò gbé e délé. Atẹdùrù tí ó bá fi ìparí lílé pinnu kíì yóò ṣìnà. Mo bi ọmọ náà léèrè bí ó ṣe ń ṣe é. Ó ní, ‘Ẹnu àwọn elégbè ni mo máa ń ṣọ́, sà. Ẹni tí ń lé orin lè máa ṣeré kiri; àwọn elégbè kì í ṣeré.’ Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ni nípa lílé àti ègbè nínú lítíréṣọ̀ alohùn, n kò sì tíì gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ìyàtọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ni irú ọgbọ́n yìí. Ní ilẹ̀ Ireland àti Scotland, àwọn tí ń ta fayolíìnì fún ijó ìbílẹ̀ wọn, etí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gba orin láti ọwọ́ àgbà, kì í ṣe ìwé. Wọ́n ní ìṣòro tí ó jọ tiwa: orin wọn kan lè ní gbogbo ohùn kíì D, kí ó sì jẹ́ pé A tàbí E ni ó fi ṣe ilé. Ẹni tí ó bá ka àmì orí ìwé nìkan yóò sọ pé D ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin náà yóò rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn yẹn kò pe ara wọn ní òpè nítorí èyí. Àṣà tí wọ́n ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ní ilé tiwa ńkọ́? Ẹ rántí gòjé, fayolíìnì olókùn kan tí ń bá orin sákárà rìn. Nínú orin olóògbé Yusuf Olatunji, tí ó kú ní 1978, gòjé a máa tẹ̀ lé ohùn olórin bí òjìji. Irun ẹṣin ni okùn rẹ̀. Kò sí àmì kankan lára ọrùn rẹ̀ tí yóò sọ fún ìka pé ‘ibi ni kí o tẹ̀.’ Etí ló ń darí ìka. Ẹ tún wo ìyá ìlù dùndún. Onílù a máa fún ọ̀ṣán ìlù mọ́ra, a sì máa dẹ̀ ẹ́, títí ohùn tí ó fẹ́ yóò fi jáde lábẹ́ kọ̀ǹgọ́. Ọmọ Àyàn kò ní kíì kan tí ó kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, Akin Euba, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé orin tí ayé bọ̀wọ̀ fún, fi odidi ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1990 ṣàlàyé ìlù dùndún nìkan. A kì í kọ ìwé ńlá nípa àìmọ̀kan.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn olórí akọrin yóò sọ. Wọ́n á ní ìwé ni ó ń pa orin mọ́; pé orin tí a kò kọ sílẹ̀ á bá ẹni tí ó ni ín lọ sí ibojì; pé ẹgbẹ́ akọrin ọgọ́ta ènìyàn kò lè máa fi etí wá ohùn mẹ́rin kiri. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, n kò sì bá ìwé jà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n rán wọn létí ibi tí ìwé tí wọ́n fi ń yangàn ti wá. Dò-re-mí tí a fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin sínú ìwé ẹgbẹ́ akọrin wa, obìnrin Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Sarah Glover ní ìlú Norwich ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà John Curwen ni ó tún un ṣe, tí ó sì tàn án kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ta ni wọ́n ṣe é fún? Àwọn ọmọdé àti àwọn mẹ̀kúnnù tí wọn kò lè ka ìwé orin onílà márùn-ún ni. Wọ́n ṣe é kí etí wọn lè já gaara. Ìdí nìyẹn tí dò fi ń ṣí kiri: ibi tí orin bá fi ṣe ilé ni dò wà. Ohun tí a ṣe láti gbé etí ga ni àwa wá ń fi tẹ etí mọ́lẹ̀.

Kí wọ́n sì rántí àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní baba ìsàlẹ̀ wọn. T. K. Ekundayo Phillips tẹ dùrù, ó sì darí orin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ó kàwé orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti fojú di etí, òun ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe? Ó fetí sí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kọrin, ó sì gbé ìwé kan jáde ní 1953 láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ àti orin wa so pọ̀ mọ́ra. Ṣáájú rẹ̀, àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin ìyìn ní ohùn ilẹ̀ wa, ó sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àwọn wọ̀nyí rí i pé bí a bá fi orin Òyìnbó bọ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn, ìtumọ̀ á bàjẹ́. Bí orin bá gòkè ní ibi tí ó yẹ kí ohùn méjèèjì ‘ọkọ’ dọ́gba, ọkọ ìyàwó di ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Etí ni ó sọ èyí fún wọn, kì í ṣe ìwé.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù, nítorí pé mo ní ẹ̀bi níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo fún kíláàsì mi ní ìdánwò kékeré: gbólóhùn mẹ́wàá láìsí àmì ohùn, kí wọ́n fi àmì sí i. Ọmọ tí ó fi ìka mẹ́ta rí ilé orin màmá ní àná, mẹ́ta péré ni ó gbà. Níbi tí mo ti kọ pé bàbá ra ọkọ̀ tuntun, ó fi àmì òkè sí ìparí. Bàbá wá di ẹni tí ó ra ọkọ́ tuntun. Mo pè é sí ọ́fíìsì mi. Mo ní kí ó ka gbólóhùn náà. Ó kà á bí ọmọ Yorùbá. Mo ní kí ó pa ẹnu dé, kí ó kùn ún, bí ìgbà tí ó ń wá kíì. Ó kùn ún. Mo ní, ‘Ìparí ọkọ̀ ńkọ́, ó gòkè àbí ó sọ̀ kalẹ̀?’ Ó ní, ‘Ó sọ̀ kalẹ̀, sà.’ Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mẹ́sàn-án ni ó gbà nínú mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní, ‘Sà, mo rò pé à ń há àwọn àmì náà sórí ni.’

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbá fún mi. Òótọ́ ni ó sọ. Bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀. A ní ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí, a sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé mẹ́ta yìí jẹ́ àkàbà tí a kàn mọ́ ògiri. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pé ‘Túndé kò rí Bọ́lá’, láìkánjú, bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ohùn òkè ni ‘Túndé’, ohùn òkè sì ni ‘rí Bọ́lá’. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ‘kò’ ti fà á wálẹ̀, ‘rí Bọ́lá’ kì í padà ga tó ‘Túndé’ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ ní ohùn àárín. ‘Mí’ bàbá arúgbó lè rẹlẹ̀ ju ‘dò’ ọmọdébìnrin lọ, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yékéyéké. Ìbátan tí ó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ni etí ń gbọ́, kì í ṣe ipò tí ohùn wà. Irú ìmọ̀ yìí gan-an ni ọmọ náà lò fún màmá: ibi yòówù tí màmá ti bẹ̀rẹ̀, orin kan náà ni. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, àwa olùkọ́ ni a kò jẹ́ kí ó mú un wọ kíláàsì ní ọjọ́ Ajé.

Ẹ wá wo èso rẹ̀. Ẹ rìn láti ẹnu géètì yunifásítì wọ Agbowó, kí ẹ kọjá sí Dùgbẹ̀, kí ẹ yà sí Ring Road títí dé Challenge. Ẹ ka Yorùbá tí ó wà lára pátákó àti lára ọkọ̀. Mélòó ni ó ní àmì ohùn? A ń dá àwọn tí ń kọ ọ́ lẹ́bi, a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀lẹ kọ́. A ti mú kí wọ́n gbà pé àmì ohùn jẹ́ ohun ìṣòro tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń dá ara wọn yàtọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá wọn ni à ń bi wọ́n. Àwọn tí wọ́n sì fẹ́ lò ó ń bẹ̀rù pé àwọn yóò ṣì í. Bí a bá ń bá ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí kò ní àmì nìkan jà, tí a fi etí sílẹ̀, a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, ohun kan wà tí n kò ní gbè. Lára kíbọ́ọ̀dù òde òní, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń pè ní ‘transpose’. Ẹni tí kò mọ̀ ju kíì C lọ lè tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ máa bá a gbé ohùn sókè tàbí sódò, kí ìka rẹ̀ má sì kúrò lójú kan. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ń sá sẹ́yìn bọ́tìnnì yìí, wọ́n sì ń pè é ní fífi etí ṣe é. Etí wọn ṣiṣẹ́ lóòótọ́ láti mọ iye ìgbà tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìka wọn ń sùn. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀bùn etí, tí ó sì kọ̀ láti kọ́ ìka, tí ó kọ̀ láti kọ́ ìwé, ó ń jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé, tí kò lè bá màmá àgbà kan rìn àyàfi tí màmá bá kọ́kọ́ sọ kíì rẹ̀, gbèsè tirẹ̀ pọ̀ jù, nítorí òun ni ó ń pe ẹlòmíràn ní òpè.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò orin fi máàkì gidi fún etí: kí wọ́n kọ orin Yorùbá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ rí, kí wọ́n ní kí ó wá ilé rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi rò pé ilé nìyẹn. Kí àwa olùkọ́ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èmi fúnra mi, jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kùn gbólóhùn kí ó tó kọ ọ́, kí àmì ohùn jẹ́ ìròyìn ohun tí ó gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó há sórí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ní kíláàsì mi. Ariwo wa pọ̀ díẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọjá lójú fèrèsé rò pé a ń ṣe ìsọjí.

Ní ti ọmọ náà, ó ti ń kọ́ ìwé orin ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Agbowó, èmi ni mo sì gbà á níyànjú. Ó ku olórí akọrin. Mo fẹ́ kí òun náà jókòó ti ọmọ yìí fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó pa ìwé dé, kí ó kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu elégbè. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí màmá sí, yóò tún jáde lọ́dún tí ń bọ̀, yóò sì tún la ẹnu níbi tí ó bá wù ú. Bí ọmọ náà kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, ta ni yóò bá a gbé orin rẹ̀ délé?